Ilẹ̀ gbalasa àti ilé ń dàpọ̀ nínú àwòrán Landsat mi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìwádìí oyè másítà mi nínú jọ́gíráfì dá lórí bí ìlú ṣe ń fẹ̀ sí i láti 1990. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat 5 ni mo lò fún ìgbà náà, ti Landsat 8 fún ti ìsinsìnyí. Ìṣòro mi ni pé ilẹ̀ tí kò ní koríko àti ilé jọra púpọ̀ lójú sátẹ́láìtì, kọ̀ǹpútà wá ń ka oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro mọ́ ìlú.

Mo ti lo NDBI (ìṣirò tó ń fi ibi tí ilé wà hàn nínú àwòrán), ńṣe ló tún dà á rú. Mo fi kún àpẹẹrẹ tí mo fi ń kọ́ Random Forest (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ bí yóò ṣe pín ilẹ̀ sí oríṣiríṣi), kò yàtọ̀. Àwòrán ìgbà òjò, nígbà tí oko ti ní ewé, ì bá dáa, àmọ́ ìkùukùu bò ó. Rédà orí sátẹ́láìtì Sentinel-1 kò ka ìkùukùu sí, ó sì yanjú ti òde òní, ṣùgbọ́n 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sójú ọ̀run.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lo rédà níbi tó bá wà. Ọ̀gá kejì ní ọ̀nà kan náà ni kí n lò fún ọdún méjèèjì, kí n má baà pe ìyàtọ̀ irinṣẹ́ ní ìyàtọ̀ ilẹ̀. (Wọn kì í sọ ọ́ lójú ara wọn o, èmi ni wọ́n ń rán.)

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ṣé kí n yọ rédà kúrò pátápátá? Tí mo bá sì yọ ọ́, ṣé kíkó àwòrán oríṣiríṣi oṣù nínú ọdún kan náà pọ̀ lè ya oko sọ́tọ̀ kúrò lára ilé nínú Landsat 5 nìkan?