Mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀: ṣé kí n fi iṣẹ́ ìsìn náà sílẹ̀?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ìránṣẹ́bìnrin

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo wà lára àwọn tí ó ń bẹ àwọn aláìsàn àti àwọn opó wò nínú ìjọ wa, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn gidigidi, tí kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú mi ṣe. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, arábìnrin kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà sọ fún àwọn ènìyàn pé mo ń yọ nínú ohun tí àwọn ará ń dá jọ fún àwọn aláìsàn. Àwọn alàgbà yẹ ìwé wò, wọ́n rí i pé ohun gbogbo pé, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n arábìnrin náà kò bẹ̀ mí, kò sì padà lọ bá àwọn tí ó ti sọ ọ́ fún pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ó kàn ń kí mi bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni.

Mo gbàdúrà, mo sì sọ níwájú Ọlọ́run pé mo ti dárí jì í. N kò gbẹ̀san, n kò sì sọ ọ́ láìdáa lẹ́yìn. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ òun ni ó ń gbàdúrà lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, àmín mi kì í jáde. Ètè mi a ṣí, ohùn a kọ̀. Bí mo bá ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn tí a fẹ́ bẹ̀ wò sí, tí mo sì rí ìkọ̀wé rẹ̀, àyà mi a bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ ìtùnú fún àwọn ẹlòmíràn, èmi gan-an ni ọkàn mi kò balẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé irọ́ ni ìdáríjì tí mo sọ pé mo ṣe yìí? Ṣé kí n sì yẹra fún iṣẹ́ náà títí inú mi yóò fi mọ́, kí n má baà máa sin Ọlọ́run pẹ̀lú ìkùnsínú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Mo ti gbìyànjú rẹ̀.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa, n kò sì rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Jẹ́ kí a padà sí Mátíù orí 18, níbi tí Pétérù ti béèrè iye ìgbà tí òun yóò dárí ji arákùnrin òun. Gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn Jésù, pé kí ó jẹ́ nígbà àádọ́rin lọ́nà méje, a sì mọ òwe ẹrú tí ó jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì, tí ọba fi jì í, tí òun náà sì jáde lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni bí gbèsè kejì yẹn ti tó. Dínárì kan ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún alágbàṣe, gẹ́gẹ́ bí Mátíù orí 20 ti fi hàn, nítorí náà 100 dínárì ju iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lọ. Kì í ṣe owó tí ó bọ́ lápò ènìyàn tí kò ní mọ̀. Lóòótọ́, bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gbèsè àkọ́kọ́, kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí tálẹ́ńtì kan ṣoṣo tó nǹkan bí 6,000 dínárì, ìran ẹrú náà látòkè délẹ̀ kò sì lè ṣiṣẹ́ san án. Ṣùgbọ́n Jésù kò sọ pé ohun tí a jẹ ọ́ kéré.

Wo ohun tí ẹrú náà ṣe tí ọba fi bínú: ó fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó ní, "San gbèsè tí o jẹ mí." Ìwọ ti tú ọwọ́ rẹ kúrò lọ́rùn arábìnrin yìí. O kò gbẹ̀san, o kò bà á lórúkọ jẹ́. Ohun tí ó kù tí ó ń dùn ọ́ ni àdánù fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá fi gbèsè jini ni owó náà ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ ni ó fọwọ́ kàn, orúkọ sì ju owó lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni ìwọ yóò máa dárí jì nígbà àádọ́rin lọ́nà méje, gbogbo ìgbà tí ó bá tún sọ sí ọ lọ́kàn.

Ní ti pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Jòhánù orí 13 sọ fún wa pé Jésù mọ ẹni tí yóò fi òun hàn, síbẹ̀ ó di aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó bu omi, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí Júdásì ṣì jókòó láàrín wọn. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ní ti àmín, aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn ni kí o ṣe é fún, nítorí òun ni ó ni àdúrà náà, kì í ṣe ẹni tí ó ń gbà á.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Akọ̀wé Àná

Mo júbà Bàbá Olùkọ́, àlàyé wọn lórí gbèsè sì yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀tọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Júdásì, nítorí mo ti rí i tí a fi ẹsẹ Bíbélì yẹn de àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ níbi tí wọn kò lè mí. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, Pọ́ọ̀lù àti Bánábà jà lórí Jòhánù Máàkù, ẹni tí ó ti fi wọ́n sílẹ̀ ní Páńfílíà. Ìjà náà le débi pé wọ́n pínyà: Bánábà mú Máàkù lọ sí Kípírù, Pọ́ọ̀lù mú Sílà, ó sì gba Síríà àti Kìlíkíà kọjá. Lúùkù tí ó kọ ìwé náà kò fi bò rárá, kò sì sọ pé ọ̀kan nínú wọn ti pàdánù ìgbàgbọ́. Iṣẹ́ kò dúró. Nígbà tí ó yá, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tìmótì pé kí ó mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun. Kí àwọn méjì má jọ rìn fún ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lè sọ fún olórí ẹgbẹ́ yín pé kí ó pín yín sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí pé ẹ ń ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún ayé. Èyí yàtọ̀ sí kí ẹ kúrò pátápátá. Bí ẹ bá kúrò, àwọn aláìsàn ni yóò san owó ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti parọ́ mọ́ yín, ṣé nítorí àwọn aláìsàn ni ẹ ṣì fi ń lọ, àbí kí àwọn ènìyàn lè rí i pé ọwọ́ yín mọ́? Nínú Lúùkù orí 10, ohun tí Màtá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn kì í ṣe ìwúwo iṣẹ́ nìkan. Ojú rẹ̀ wà lára Màríà arábìnrin rẹ̀, tí ó jókòó tí kò ràn án lọ́wọ́. Ó ń sin Jésù, ó sì ń ṣọ́ ẹlòmíràn, kò sì sí bí ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe balẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ọmọ Ìjọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà o. Èmi rò pé kí ẹ ṣe bíi Jósẹ́fù ni. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kàn dì mọ́ wọn, ó sọkún, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ìyá Olùgbaninímọ̀ràn

Àbúrò mi Ọmọ Ìjọ, inú rere ni ẹ fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti fo orí mẹ́ta nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí n kò mọ ibòmíràn nínú Bíbélì tí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ti hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ní orí 41, Jósẹ́fù bí àkọ́bí rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Mánásè, ó ní Ọlọ́run ti mú kí òun gbàgbé gbogbo ìyà òun àti gbogbo ilé bàbá òun. Ó ní òun ti gbàgbé o. Ní orí 42, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti wá ra oúnjẹ. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láàrín ara wọn nípa ohun tí wọ́n ṣe sí i, ó yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì sọkún. Ẹni tí ó ti sọ ọmọ lórúkọ nítorí ìgbàgbé ni ó ń sọkún yìí. Kò sì dì mọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ó de Síméónì mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ mú Bẹ́ńjámínì wá, ó sì tún fi ife fàdákà sínú àpò Bẹ́ńjámínì kí ó lè rí ohun tí wọn yóò ṣe. Ní orí 44 ni Júdà, ẹni tí ó dá ìmọ̀ràn pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù, tí wọ́n sì tà á ní 20 owó fàdákà, ti jáde wá tí ó ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹrú dípò Bẹ́ńjámínì. Ìgbà tí Jósẹ́fù rí èyí ni kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ti fún wọn ní oúnjẹ, ó ti dá owó wọn padà sínú àpò, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ hàn wọ́n títí ó fi rí i pé wọ́n ti yí padà. Oore kò dúró de ìyípadà wọn. Ìfọkàntán ni ó dúró dè é.

Jékọ́bù lo ọdún 17 ní Íjíbítì kí ó tó kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n bẹ̀rù, wọ́n ránṣẹ́ bẹ̀bẹ̀, Jósẹ́fù sì tún sọkún. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọgbẹ́ náà ṣì mọ ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò sọ pé Jósẹ́fù kò dárí jì wọ́n?

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti Corrie ten Boom, ará Netherlands, tí ìjọba Násì ti Jámánì mú nítorí pé ìdílé rẹ̀ fi àwọn Júù pamọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Betsie kú sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Ravensbrück ní 1944. Ní 1947, lẹ́yìn tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìdáríjì ní ìlú Munich, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà wá bá a, ó na ọwọ́, ó sì tọrọ ìdáríjì. Corrie sọ pé kò sí ìfẹ́ kankan nínú òun ní àkókò yẹn. Ó gbàdúrà, ó gbé ọwọ́ náà sókè tipátipá, lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ tó tẹ̀ lé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ṣọ́ yẹn béèrè. Arábìnrin tiyín kò tíì béèrè, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí dẹ́rù pa yín.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ẹ̀yin méjèèjì ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn alàgbà sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ gbọ́, ẹ̀yin sì gbàdúrà. Jésù sọ nínú Lúùkù orí 17 pé bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀, bá a wí, ó sì sọ nínú Mátíù orí 18 pé láàrín ìwọ àti òun nìkan ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Fílípì, Pọ́ọ̀lù dárúkọ obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè, tí wọ́n ti bá a ṣe làálàá nínú ìyìn rere, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní inú kan náà, ó sì ní kí ẹnìkan ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹsẹ márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà Ọlọ́run tí ó ju gbogbo òye lọ. Àwa a máa ka ti àlàáfíà, a kì í ka ti àwọn obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ lójú ìwé kan náà ni wọ́n wà.

Èsì láti ọwọ́ Ìránṣẹ́bìnrin

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin bàbá, ìyá àti àbúrò mi. Ìbéèrè Akọ̀wé Àná gún mi, mo sì ń rò ó lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé a kò tíì jókòó rí, àwa méjèèjì. Mo fẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé yóò sẹ́, tàbí kí ó sọ pé mo kọ̀ láti dáríjì. Ìyá, báwo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ìyá Olùgbaninímọ̀ràn

Ẹ má fi "mo ti dárí jì ọ́" bẹ̀rẹ̀. Létí ẹni tí kò tíì gbà pé òun ṣẹ̀, ẹ̀bi ni gbólóhùn yẹn ń dá fún un, yóò sì bínú kí ẹ tó sọ ìkejì. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ sọ ohun tí ó ṣe fún yín, kí ẹ sì sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń fẹ́: "Arábìnrin mi, wọ́n ní ẹ sọ pé mo mú nínú ohun àwọn aláìsàn. Ó dùn mí gan-an. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sọ fún àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún pé kò rí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ni ó sọ ọ́ fún òun náà, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó lè yà sọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ tí ìwé ti pé.

Bí ó bá sẹ́, ẹ má mú ẹlẹ́rìí jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì bá a jiyàn. Róòmù orí 12 sọ pé bí ó bá ṣeé ṣe, níwọ̀n bí ó ti wà ní ipá yín, kí ẹ wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé apá kan wà tí kò sí ní ipá yín. Ẹ lè wá sọ fún alàgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún pé kí ó bá yín jókòó. Bí ó bá sì gbà, ṣùgbọ́n tí kò lè lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lójú kan náà, ẹ fún un láyè díẹ̀, nítorí ẹnu kì í yára gbé ohun tí ó ti sọ mì.

Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ bẹ aláìsàn wò, nítorí bí ọ̀rọ̀ náà kò bá lọ bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ ó gbé e wọ yàrá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ yan ọjọ́ mìíràn, kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀.