Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi tó kọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo padà wá jábọ̀ lórí ìbéèrè tí mo gbé síbí lẹ́yìn Iléyá, nípa àbúrò mi, ọmọ ọdún 16, tó ní òun kò wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́ nítorí pé olùkọ́ kan fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo kíláàsì pé kò lè kàwé já gaara. Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi pàṣán dá a padà, n kò gba tiyín. Ẹni tó rán mi létí òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpilẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004, pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ títí dé JSS 3, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló lé ọmọ náà.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Ṣágámù ló wà báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fajú ro, kí ìyá wa tó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa yọ̀ǹda rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ fún kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní Sátidé tó kọjá, mo bá a tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára páìpù ẹsẹ̀ bàtà 20 tí yóò gé sí ọ̀nà 6 tó dọ́gba fún géètì, ó sì kọ “ẹsẹ̀ 3, ínǹṣì 4” sílẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ní kíláàsì!

Ìdánwò NABTEB, tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, là ń fojú sọ́nà fún, ṣùgbọ́n ìwé kíkà rẹ̀ ṣì ń wọ́lẹ̀, nítorí náà a kò tíì dá ọdún. Mo pa ìbéèrè náà dé síbí.