Kí la máa pe interleukin: ojíṣẹ́ àbí àrokò?

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ka àbá àná pé kí a tú interleukin, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, sí "alágbedeméjì ẹ̀jẹ̀ funfun". Ẹni tó dá a lábàá kò ṣì í, ohun tí orúkọ náà ń sọ nìyẹn. Orúkọ ọ̀hún ló ti gbó. Ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé e lórí nílùú Ermatingen ní Switzerland, wọ́n rò pé àárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ awọ ara lásán ní tirẹ̀. Bí awọ bá ya, tí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ bẹ́, IL-1α àti IL-33 inú rẹ̀ (IL ni ìkékúrú interleukin) á dà síta, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó wà nítòsí á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Nọ́ńbà wọn náà ń ṣini lọ́nà. IL-1 àti IL-2 tẹ̀ léra, síbẹ̀ wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. IL-18 àti IL-33 ló bá IL-1 tan. Mọ́kànlá ni wọ́n nínú ìdílé náà. IL-18 ń gbé ara dìde sí kòkòrò tó sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, IL-33 ń pe àwọn tó ń bá aràn jà.

"Ojíṣẹ́" tí ẹlòmíràn mú wá sàn díẹ̀, àmọ́ IL-1Ra bà á jẹ́. Ọmọ ìdílé kan náà ni. Á lọ jókòó sí àyè IL-1 lára sẹ́ẹ̀lì, kò ní sọ nǹkan kan, kò sì ní jẹ́ kí IL-1 ráyè. Ojíṣẹ́ wo ni kì í jíṣẹ́?

Àrokò ni mo fara mọ́. Ohun tí a fi ránṣẹ́ ni, ẹni tó gbà á ló ń tú u. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra kì í wí ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó kẹ̀yìn síra. IL-1β náà nìyẹn: kò wúlò fún nǹkan kan títí ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ caspase-1 á fi gé e. Bó bá kan ọpọlọ, ara á gbóná; bó bá kan ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ á máa lẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń kọjá lè dúró.

Ẹ ó ní IL-1Ra náà kò rokò fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Mo ń pe òun ní "adènà", àmọ́ nígbà tí màmá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Àwọn tó ń dánà?" Mo ṣì ń wá òmíràn.