Ẹnubodè, ààlà, àbí ẹkùn? Èsì lórí fáìlì máàpù àti iye olùgbé

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àròjinlẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹnì kan nínú wa ń kọ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kékeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, gbé iye tí àjọ ìkànìyàn kà sórí máàpù àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ó béèrè pé kí la máa pe fáìlì tí wọ́n ya àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà sí. Òun fúnra rẹ̀ dábàá "fáìlì ẹnubodè". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "fáìlì ààlà" ló tọ́. Àbúrò kan ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, ká kọ "ṣéépùfáìlì", ká lọ sùn.

Ẹnubodè kò lè dúró rárá. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: Sẹ̀mẹ̀, Ìdìrókò, ibi tí oníbodè ti ń gba owó láyé àwọn baba wa, tí kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń tú ẹrù wò lónìí. Láàárín Múṣin àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀, ta ló rí bodè níbẹ̀? Èèyàn á sọdá títì, á ti kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kò sì ní mọ̀.

Ní ti "ṣéépùfáìlì", oríṣi fáìlì máàpù kan péré ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ilé iṣẹ́ Esri ló ni ín, wọ́n sì gbé àlàyé bó ṣe rí jáde lọ́dún 1998. GeoJSON ń ṣe iṣẹ́ kan náà, GeoPackage náà ń ṣe é. Bí a bá fi orúkọ ọ̀kan pe gbogbo wọn, ohun tí a ṣe fún Omo àti Maggi la tún ń ṣe yẹn. Kò tilẹ̀ ṣe é pè ní fáìlì kan ṣoṣo, torí mẹ́ta ló kéré jù: .shp tó gbé àwòrán, .dbf tó gbé àtẹ, àti .shx tó ń tọ́ka sí ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá fi .shp nìkan ránṣẹ́ síni ti fi orí ránṣẹ́, ó fi ara sílé.

Ó wá ku ààlà. N kò ní bú u, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹni tó bá ti bá àgbẹ̀ dé oko mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbin pèrègún síbẹ̀: kì í kú bọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní òun kò rí i. Ṣùgbọ́n ti ta ni pèrègún náà? Ti àwọn méjèèjì tó jọ pààlà ni. Ààlà kì í gbé inú oko ẹnì kan, àárín ẹni méjì ló ń wà. Ohun tó wà nínú ṣéépùfáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, Múṣin ní ìlà tirẹ̀ tó yí i po láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Oṣòdì-Ìsọlọ̀ náà ní tirẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti fara kan ara wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fà á. Bí ẹnì kan bá sún ti Múṣin sẹ́yìn díẹ̀ tí kò fọwọ́ kan èkejì, àlàfo á yọ láàárín wọn, ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan. Àgbẹ̀ wo ló mọ irú ààlà bẹ́ẹ̀?

Fáìlì tí ààlà yẹ ní orúkọ wà o. Àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan fún ìkànìyàn ọdún 1990, TIGER/Line lorúkọ rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fa ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá kọ ọ́ sí i lára pé ta ló wà lápá òsì, ta ló wà lápá ọ̀tún. Pèrègún gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi "fáìlì ààlà" sílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa lò, èmi á pè é ní fáìlì ẹkùn. Inú ẹkùn ni àwọn èèyàn ń gbé, inú rẹ̀ la ti kà wọ́n, inú rẹ̀ náà la máa kùn ní ọ̀dà. Kò sí ẹni tí wọ́n kà sórí ààlà. Ẹni tó bá gbọ́ "ààlà" á máa wo ìlà, bẹ́ẹ̀ ìlà kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá gbọ́ "ẹkùn" á béèrè pé ẹkùn wo, àwọn wo ló wà níbẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n kà wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹkùn ti di ti sẹ́nétọ̀. Kò burú, àwọn náà ní tiwọn. Ohun tó dára lára ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó gba ńlá, ó gba kékeré: wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀, títí dé àdúgbò bíńtín tí wọ́n pín fún òṣìṣẹ́ tó ń kànìyàn, èyí tí a lè pè ní ẹkùn ìkànìyàn láìsí wàhálà. Ìpínlẹ̀ ni ì bá ṣe wẹ́kú jù, ilẹ̀ tí a pín, àmọ́ láti ọdún 1967 tí Gowon ti dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ni ìjọba ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa. Ẹranko tó ń jẹ́ ẹkùn ńkọ́? Ohùn kan náà ni wọ́n ní, n kò sẹ́. Kò tíì sí ẹni tó ka "ẹkùn ìdìbò" tó lọ gbé ìbọn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú iṣẹ́. Àtẹ ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn 503,975 ló wà ní Sùúrùlérè. Àtẹ kan náà sọ pé 142,070 ló wà ní Sùúrùlérè. Irọ́ kọ́. Ti àkọ́kọ́ wà l'Ékòó, èkejì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìrẹsà-Adú ni ibùjókòó ìjọba rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí QGIS wo orúkọ kó fi mú àtẹ bá máàpù, QGIS kò ní béèrè Sùúrùlérè wo. Iye kan ló máa mú, á fún àwọn méjèèjì. Máàpù á jáde, á dán gbinrin, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan pé apá kan Èkó ti gbé èrò Ìrẹsà-Adú. Ìfẹ́lódùn náà jẹ́ méjì, ọ̀kan l'Ọ́ṣun tí Ìkìrun jẹ́ olórí rẹ̀, ọ̀kan ní Kwara tí Ṣàárẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Ìlobùú, ó wà ní Òmù-Àrán. Èkìtì tilẹ̀ kó orúkọ méjèèjì pọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé a máa ya máàpù lọ́jọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń rí sí ìrànwọ́ pàjáwìrì ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fi fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: NG025 ni Èkó, NG031 ni Ọ̀yọ́, ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ń gùn sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan dábàá "kọ́kọ́rọ́" fún nọ́ńbà yìí. Gẹ̀ẹ́sì ("key") ló ń fọ̀ nínú ìyẹn, kò sí ilẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí. Láti ìgbà tí NIN ti dé ni gbogbo ọjà ti ń sọ "nọ́ńbà ìdánimọ̀", kí ló tún kù?

Fún iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe, mo fẹ́ "so iye mọ́ ẹkùn", n kò fẹ́ "ìsopọ̀". Nínú ìsopọ̀, dọ́gba-dọ́gba ni àwọn méjèèjì. Níbí, máàpù ló dúró, àtẹ ló wá bá a. Ẹkùn tí kò rí iye á ṣì wà níbẹ̀ ní òfìfo, àmọ́ iye tí kò bá rí ẹkùn á pòórá, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́. "Àsomọ́" ì bá dára, ímeèlì ti gbà á.

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè bóyá ká kọ orí òpó àtẹ ní Yorùbá alámì. Bó bá jẹ́ GeoPackage, ẹ kọ ọ́. Àtẹ .dbf inú ṣéépùfáìlì kì í gba orúkọ òpó tó ju báìtì 10 lọ (báìtì ni àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà), kì í sì í ṣe lẹ́tà ló ń kà. Lẹ́tà mẹ́fà ni "Ìpínlẹ̀", ṣùgbọ́n nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà, báìtì 12 ni, torí ẹ̀ tó wà ní ìparí nìkan jẹ márùn-ún. Wọ́n á gé ìparí rẹ̀ lójú wa. "Ẹkùn" jẹ́ 7, ó wọlé wẹ́rẹ́, kí àwọn alátìlẹ́yìn ààlà má bínú. Ti orúkọ ìlú tó wà nínú àtẹ yàtọ̀, àyè pọ̀ fún wọn níbẹ̀, àfi kí ẹ má gbàgbé fáìlì .cpg tó ń sọ irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ọ̀yọ́ á di àmì ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ìwé náà tẹnu mọ́ ọn jù ni ọdún. Ẹkùn kò jókòó sójú kan. Ìkànìyàn 1991 kò mọ Èkìtì, torí oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n tó yọ ọ́ lára Oǹdó. Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 nínú òfin orílẹ̀-èdè, nínú 774 gbogbo wa. Lọ́dún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ dá 37 mọ́ ọn, ó di 57. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá ní iṣẹ́ náà kò tíì parí láìsí ọwọ́ ilé aṣòfin àpapọ̀. Síbẹ̀ fáìlì oní-57 wà kiri, ó sì wuni, torí ó jọ pé ó fi àdúgbò hàn dáadáa. Ẹ so iye 2006 mọ́ ọn, ẹ ó rí i: 37 á ṣófo, ìyẹn ṣì sàn torí ojú rí i. Àwọn 20 tó rí iye ni kí ẹ bẹ̀rù. Orúkọ wọn kò yí padà, àmọ́ ilẹ̀ wọn ti kéré, èrò àtijọ́ ni wọ́n sì gbé. Nítorí náà, kí a má kọ "ẹkùn" lásán níbikíbi nínú ìwé yẹn. Kí a kọ "ẹkùn 2006" tàbí "ẹkùn 57", bí a ṣe ń kọ ọdún sára owó orí.

Èyí kan ọ̀rọ̀ tí a ń wá fún bí èrò ṣe há mọ́ra tó. "Ọ̀pọ̀ èrò" kò tó. Àlímọ̀ṣọ́ ló ní èrò jù l'Ékòó nínú ìkànìyàn náà, 1,277,714, bí ẹ bá sì kun máàpù nípa iye lásán, òun ló máa dúdú jù. Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ní 684,105, ó lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 12 níbùú lóròó, nígbà tí ti Àlímọ̀ṣọ́ lé ní 180. Ẹni tó bá ti há sínú títì Àjẹgúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ kò nílò máàpù fún èyí. "Ìfúnpọ̀ èrò" ni mo mú wá. Ẹ̀gbọ́n kan ní ó jọ ìfúnpá. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, ibì kan náà sì ni wọ́n ti wá, ohun tó fún.

Ó ku ẹni tó pe àárín gbùngbùn ẹkùn ní "ìdodo", níbi tí wọ́n ń fi àmì tóótó tàbí orúkọ sí. Ó dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ gbà á, àmọ́ bí ẹkùn bá tẹ̀ kọrọdọ, ìṣirò lè gbé àárín yẹn bọ́ síta pátápátá, sínú ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ìdodo ta ni wọ́n rí lára aládùúgbò rẹ̀? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn kó jọ̀wọ́ mú un wá kí ìwé náà tó lọ sílé ìtẹ̀wé.