Ìbejì ni mí, ọkọ mi ní n kì í sọ̀rọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kẹ́hìndé ni mí. Wọ́n ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, pé èmi ni mo rán Táíwò wá tọ́ ayé wò, àmọ́ òun ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi láti kékeré. Bí mo bá kàn fajú ro, ó ti mọ ohun tó ń dùn mí.

Mo ti wá lọ́kọ báyìí. Bí inú bá bí mi, mo máa ń dákẹ́, kó fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n rí! Táíwò ni mo máa ń pè, ìyẹn gan-an ló tún ń bí i nínú.

Ẹ̀yin ìbejì tó ti ṣègbéyàwó, báwo lẹ ṣe kọ́ bí a ṣe ń sọ tinú ẹni fún ẹni tí kò bá yín gbé inú kan náà?