Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìyá ọkọ mi ń fún ọmọ lómi

Òkun o, ẹ̀yin ìyá. Kàbà ni mo wà, àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 5. Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan ni títí oṣù 6, kò gbọdọ̀ mu omi rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá wẹ̀ jáde báyìí, màá bá Màmá pẹ̀lú ṣíbí àgbo lẹ́nu ọmọ. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nínú ooru yìí. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Orí ọmú mi òsì tún ti là. Bó bá ti gbé e mu, omi á lé ròrò lójú mi. Ọkọ mi kàn ń wò wá ni. Báwo lẹ ṣe bá ìyá ọkọ tiyín sọ ọ́ tí kò dìjà? Ṣé àwọn ọlọ́mọ kan ń jókòó pọ̀ nítòsí, kí n wá bá yín?