Màmá mi fẹ́ wọ rélùwéè gun òkè Snowdon: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù kẹfà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnìkan fi fídíò rélùwéè tó ń gun òkè Snowdon ní Wales ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, àtìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Rélùwéè ni bàbá wọn ṣiṣẹ́ fún ní Ìbàdàn títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wọn.

Ṣé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè lọ? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò ní pọ̀ jù? Ṣé kò léwu ni? Mo wo bí ọ̀nà náà ṣe dagun nínú fídíò yẹn, àyà mi là gààrà. Ọkọ mi àti ọmọ wa ọkùnrin ní tiwọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gùn ún, pé ká pàdé lókè.

Ìyá Ìbejì, Salford

Ẹ kú ìmúra àlejò. Wọ́n lè lọ dáadáa, a mú ìyá ọkọ mi lọ, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn. Llanberis, ìlú tó wà nídìí òkè náà, lẹ ó ti wọkọ̀. Ó máa ń tó wákàtí kan kó tó dé òkè, wọ́n á fún yín ní ìṣẹ́jú 30, wákàtí kan náà lẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé yín lọ ló máa gbé yín bọ̀. Bó bá fi yín sílẹ̀ nítorí fọ́tò, ẹsẹ̀ ló kù.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù: kò sí ilé ìtọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Kò sí rárá. Tó bá jẹ́ òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀ léraléra ni màmá ń lò, ẹ bi dókítà wọn bóyá wọ́n lè yí àkókò rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, ẹ má dá a ṣe o. Kí wọ́n lọ ní Llanberis, kí wọ́n tún lọ nínú ilé tó wà lókè, Hafod Eryri ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ ẹ bá yọ ìlà ilé ìtọ̀ kúrò nínú ìṣẹ́jú 30 yẹn, ẹ ó rí i pé kò pọ̀. Láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí, àtẹ̀gùn òkúta díẹ̀ ṣì wà kéèyàn tó dé ṣóńṣó òkè gan-an. Ìyá ọkọ mi ò gùn ún, inú wọn sì dùn bẹ́ẹ̀.

Ní ti òtútù, ẹ má wo oòrùn ìsàlẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá, fìlà onírun, ìbọ̀wọ́. Gèlè kọ́ o, atẹ́gùn á gbé e lọ fún àwọn àgùntàn Wales. Mo ní jákẹ́ẹ̀tì kan tí mo lè yá yín.

Baba Tómi, Liverpool

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ewu, torí iṣẹ́ mi ò jìnnà sí i. Rélùwéè eléyín ni. Láàárín irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, irin mìíràn wà tí wọ́n gé eyín sí lára, ìlà méjì ni, wọ́n sì tò wọ́n kí eyín wọn má bára dọ́gba. Kí eyín ìlà kan tó jáde lára kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti ìlà kejì ti wọlé. Ohun tí kì í jẹ́ kó yọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tó dagun jù, bẹ́ ẹ bá lọ síwájú ní mítà márùn-ún àtààbọ̀, ẹ ti gòkè ní mítà kan. Ẹ́ńjìnnì náà kì í fa èrò, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, tí á máa ti ọkọ̀ èrò lọ sókè. Ẹ má retí eré. Ẹlẹ́sẹ̀ tó bá yára díẹ̀ lè bá eléèédú rìn, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó èédú; onídísẹ́ẹ̀lì náà wà.

Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ rí, n ò ní fi pamọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an ni, 6 oṣù kẹrin 1896. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Ladas já kúrò lára irin eléyín, ó sì ṣubú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bíréèkì àwọn ọkọ̀ èrò mú wọn dúró. Ẹni tó kú, ṣe ló fò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti ọ̀nà náà pa di 1897, wọ́n sì fi irin kan kún un tó ń di ẹ́ńjìnnì mú kó má lè gbéra kúrò lára eyín mọ́.

Ẹ sọ èyí fún màmá: 1896 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó wá sí Abẹ́òkúta.

Àdùkẹ́, Leeds

Èmi ò ní bá yín gbè é o. Ẹ̀yin ò sọ ti kùrukùru. A san owó, a dé orí òkè tó ga jù ní Wales, mítà 1,085, funfun nìkan la rí. Àbúrò mi ní ṣé ká máa ya fọ́tò ògiri ni. Lọ́jọ́ mìíràn atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ibùdókọ̀ Clogwyn, tó jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà, kò sì sí ilé ìtọ̀ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìyá tèmi, rélùwéè mìíràn tí wọ́n ń pè ní Welsh Highland ni màá mú wọn wọ̀, láti Caernarfon lọ sí Porthmadog, máìlì 25. Ó gba ìdí òkè yẹn kan náà kọjá, ó kọjá Beddgelert àti àfonífojì Aberglaslyn, ilé ìtọ̀ wà nínú ọkọ̀, wọ́n á gbé tíì wá bá màmá níbi tí wọ́n jókòó sí. Kùrukùru ò ní dí yín lójú nísàlẹ̀ bíi ti òkè. Kí lèèyàn tún ń wá?

Baba Tómi, Liverpool

Àdùkẹ́, o gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa ti Welsh Highland, Garratt ni wọ́n ń pè é. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò wọ́n kí wọ́n tó kó wọn wá sí Wales, iléeṣẹ́ Beyer Peacock ní Gorton ló sì ṣe àwọn kan nínú wọn, ní Manchester tí Ọmọ Ẹ̀gbá ń gbé yìí. Rélùwéè Nàìjíríà náà ra Garratt lọ́wọ́ Beyer Peacock láyé ìjọba òyìnbó. Ẹ bi màmá bóyá bàbá wọn mẹ́nu bà á rí. Ẹ́ńjìnnì méjì ni yóò dà bíi pé wọ́n so pọ̀, pẹ̀lú àgbá omi gbígbóná láàárín. Ẹni tó bá rí i kì í gbàgbé.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ti wá dá mi sí méjì báyìí. Àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Salford

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti Llanberis ò jìnnà sí ojú irin, bíi máìlì mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Kí wọ́n fún un ní wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n gbéra tipẹ́ ṣáájú yín. Kí wọ́n má sì fọkàn sí i pé àwọn á rí àyè nínú ọkọ̀ bọ̀. Tàwọn tó ti ra ti àlọ-àbọ̀ ni ìjókòó. Àti pé kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín nísinsìnyí o, ẹ má dúró di ìgbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi.

Akin, Cardiff

Mọ́tò ló dáa jù fún yín láti Manchester, bíi wákàtí méjì, ẹ gba A55. Ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè ríbi gbé mọ́tò sí. Àmì ojú ọ̀nà lè má kọ Snowdon o, Yr Wyddfa, orúkọ rẹ̀ lédè Wales, lẹ ó máa rí.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester

Mo pe màmá, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní wọkọ̀ òfuurufú láti Nàìjíríà wá jókòó sí ìdí òkè kí àwọn máa wo òkè. Tí kùrukùru bá bò ó, àwọn á bá wọn wo kùrukùru náà. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo ti ra ti Snowdon, eléèédú ni wọ́n ní dandan, bó tilẹ̀ wọ́n ju onídísẹ́ẹ̀lì lọ. Ìgbà tí mo dárúkọ Garratt, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Èyí tó gùn yẹn? Bàbá mi sọ ọ́.” Torí náà àá lọ wọ ti Caernarfon náà lọ́sẹ̀ kejì, tí orúnkún bá gbà. Àdùkẹ́, o ti jàre ìdajì.

Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ wá gba jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ṣé á gba ẹni tó sanra díẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Salford

Á gbà wọ́n, èmi náà kì í ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ wá ní Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin. Kẹ́ ẹ sì bá mi mú kúlà mi tó ti wà lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ ìkómọ dání.